Ta ló ni ìbọn tó ń ṣọ́ òfurufú: ṣọ́jà orí ilẹ̀ ni àbí ọmọ ogun òfurufú?

Ará_Lágéré
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Lágéré. Apá kan ní níwọ̀n ìgbà tí orílẹ̀-èdè bá ti ní ọmọ ogun òfurufú, kí ni ṣọ́jà tún ń fi ìbọn àti mísáìlì tó ń já bààlúù ṣe? Apá kejì ní àwọn ṣọ́jà gan-an ló ni iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ bá wa dá sí i. Ta ló máa ń ni ín? Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó? Tó bá sì jẹ́ àgbègbè tiwa ni, láti Ifẹ̀ dé Iléṣà, kí ni wọ́n máa gbé síbo?

Gọ́nà_Fẹ̀yìntì
Apá méjèèjì ló gbà á, torí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ṣe é.

Íjíbítì yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Láti 1968 ni ìdáàbòbò òfurufú ti di ẹ̀ka ogun tó dá dúró níbẹ̀, kò sí lábẹ́ ṣọ́jà, kò sí lábẹ́ ọmọ ogun òfurufú. Ohun tó fà á ni pé lọ́dún 1967, Ísírẹ́lì fọ́ àwọn bààlúù wọn lórí ilẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Wọ́n wá to mísáìlì lọ rẹrẹẹrẹ lẹ́bàá ipa odò Suez. Nígbà tí ogun 1973 dé, abẹ́ ààbò mísáìlì yẹn ni àwọn ọmọ ogun wọn ti sọdá omi. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá tí wọ́n wá tẹ̀ síwájú kọjá ibi tí ọwọ́ mísáìlì náà tó, ojú wọn rí màbo.

Ìjọba Soviet náà yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 1948. Rọ́ṣíà da ẹ̀ka yẹn pọ̀ mọ́ ọmọ ogun òfurufú lọ́dún 1998. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí o: ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn ṣọ́jà wọn ṣì ní tiwọn lọ́tọ̀, tó ń bá ọkọ̀ ogun rìn. Ní Amẹ́ríkà, abẹ́ ṣọ́jà ló wà, wọ́n sì yà á kúrò lára ẹ̀ka àgbá ńlá lọ́dún 1968. Ní Jámánì, ọmọ ogun òfurufú ló ni Patriot, mísáìlì Amẹ́ríkà tó ń já bààlúù. Wọ́n tú ẹ̀ka ti ṣọ́jà ká lọ́dún 2012 nítorí wọ́n rò pé ogun bẹ́ẹ̀ ti tán. Ogun Ukraine ló là wọ́n lójú. Wọ́n ti ń tún un kọ́ báyìí.

Ní Nàìjíríà tiwa, abẹ́ ẹ̀ka àgbá ńlá ti àwọn ṣọ́jà ni ìbọn agbógunti-bààlúù wà, Kachia ní Kaduna sì ni ilé ẹ̀kọ́ wọn. Bààlúù ajagun àti ìṣọ́ ojú òfurufú lápapọ̀, ti ọmọ ogun òfurufú nìyẹn.

Ìdí tí kò fi lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ni pé iṣẹ́ méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ká ṣọ́ ohun tó dúró lójú kan: pápákọ̀ òfurufú, ìdídò, ibùdó iná. Èkejì ni ká ṣọ́ ọmọ ogun tó ń rìn. Èyí tó ń rìn yìí, bí ó bá ní láti máa tẹ ọ̀gá ẹ̀ka mìíràn láago kó tó yìnbọn, wọ́n á ti pa á kí ẹni yẹn tó gbé fóònù.

Ọmọ_Obòkun
Ẹ̀gbọ́n Gọ́nà, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti gùn jù lójú tèmi. S-400, mísáìlì Rọ́ṣíà tó ń já bààlúù, ń yìn dé 400 kìlómítà. Ká ra mẹ́rin, ká fi ọ̀kan sí igun kọ̀ọ̀kan ilẹ̀ yìí, ó parí.

Ẹlẹ́rọ_Ẹnuwá
Kò parí, àbúrò. 400 kìlómítà tí wọ́n ń kà yẹn, ohun tó wà lókè réré ni wọ́n ń sọ. Rádà ni ẹ̀rọ tó ń rán ìtànṣán jáde láti fi wá ohun tó ń fò; ìtànṣán rẹ̀ ń lọ tààrà, ilẹ̀ ayé sì rí roboto, nítorí náà ohun tó bá ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ á fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ nìyí, ẹ lè fi fóònù ṣe é. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò jẹ́ gíga òpó rádà ní mítà (ti 100 ni 10). Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún gíga ohun tó ń fò. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ fi 4.12 sọ ọ́ di púpọ̀. Iye kìlómítà tí rádà lè rí nìyẹn.

Òpó mítà 10: 3.16. Drọ́ọ̀nù tó ń fò ní mítà 50: 7.07. Àpapọ̀ 10.23, ẹ fi 4.12 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di kìlómítà 42. Ẹ gbé òpó náà ga di mítà 30, kìlómítà 52 péré ló máa jẹ́. Ẹ rí i pé a sọ òpó di ìlọ́po mẹ́ta, kìlómítà 10 ni a jèrè. S-400 tàbí S-4000, ohun tí kò rí, kò lè yìn.

Ẹ wá fi àkókò wò ó. Drọ́ọ̀nù Shahed-136 ń sá tó kìlómítà 185 ní wákàtí kan. Láti kìlómítà 42, ẹ ní ìṣẹ́jú 13 ààbọ̀. Mísáìlì tó ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kìlómítà 900 ní wákàtí kan, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ni ẹ máa rí i, dá a mọ̀, gba àṣẹ, kí ẹ sì yìn. Ìyẹn tí kò bá sí òkè láàárín o. Ẹni tó bá gbé rádà sí Iléṣà tó kọjú sí ìlà oòrùn, òkè tó wà láti Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè á dí i lójú. Ohun tó bá gba ẹ̀yìn òkè yẹn bọ̀, ìgbà tó bá yọ orí ló máa tó rí i.

Ará_Lágéré
Ṣé àwọn rádà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún bààlúù èrò káàkiri Nàìjíríà kò lè bá wọn ṣe é ni?

Ẹlẹ́rọ_Ẹnuwá
Díẹ̀ ni. TRACON lẹ ń sọ, ti NAMA, àjọ tó ń darí ìrìn bààlúù lójú òfurufú. Ibùdó mẹ́sàn-án ni. Mẹ́rin ní rádà oríṣi méjèèjì, èyí tó ń fi ìtànṣán rí bààlúù fúnra rẹ̀ àti èyí tó ń bi í ní ìbéèrè: Èkó, Àbújá, Kánò àti Port Harcourt. Márùn-ún yòókù, ìyẹn Ìlọrin, Maiduguri, Talata Mafara, Numan àti Obubra, ìbéèrè àti ìdáhùn nìkan ni wọ́n ń ṣe: rádà á béèrè, ẹ̀rọ inú bààlúù á dáhùn pé èmi lágbájá ni mo wà ní gíga báyìí. Bààlúù tó bá pa ẹ̀rọ ìdáhùn rẹ̀, irú rádà yẹn kò ní mọ̀ pé ó kọjá. Drọ́ọ̀nù ọ̀tá kò sì ní ẹ̀rọ ìdáhùn. Ohun tí ti TRACON wúlò fún ológun ni pé ó ń jẹ́ kí wọ́n mọ àwọn tí kì í ṣe ọ̀tá, kí wọ́n lè yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré, ẹ ó rí i níwájú.

Ìyá_Ìbejì_Ìlódè
Ẹ jọ̀wọ́, mo ń ka "bátìrì Patriot" nínú ìròyìn. Ṣé bátìrì iná ni mísáìlì náà ń lò ni àbí kí ni?

Gọ́nà_Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ìbéèrè, Ìyá Ìbejì. Bátìrì iná kọ́. Lẹ́nu àwọn ológun, bátìrì ni ọ̀wọ́ ìbọn tàbí mísáìlì tó ń jà pọ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan. Bátìrì mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ di rẹ́jímẹ́ńtì (Amẹ́ríkà ń pè é ní bàtálíà), rẹ́jímẹ́ńtì bíi mélòó kan di bìrìgéèdì. Bátìrì ló ń yìn. Rẹ́jímẹ́ńtì ló ń pín iṣẹ́, kí bátìrì méjì má baà yìn sí ohun kan ṣoṣo kí èkejì sì kọjá lọ láìfarapa. Bìrìgéèdì ló ń bá ọmọ ogun òfurufú sọ̀rọ̀ lórí ojú ọ̀nà tí bààlúù tiwa máa gbà àti gíga tó máa fò.

Patriot tí ẹ dárúkọ yẹn, ohun tó wà nínú bátìrì kan ni rádà kan, ọkọ̀ ìdarí kan, ọkọ̀ tó gbé jẹnẹrétọ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlówáàtì 150, òpó ìbánisọ̀rọ̀, àti ọkọ̀ ayìn-mísáìlì mẹ́rin sí mẹ́jọ. Ọkọ̀ ayìn kan ń gbé mísáìlì PAC-2 mẹ́rin, tàbí PAC-3 mẹ́rìndínlógún. Ọmọ ogun inú bátìrì kan tó bí 90, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló ń jókòó sínú ọkọ̀ ìdarí nígbà ìjà. Ẹ má ṣe rò pé àwọn yòókù ń jẹun lásán. Jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ díísù tọ̀sán-tòru, mísáìlì ń fẹ́ kíréènì tó máa gbé òmíràn sí i, ìbánisọ̀rọ̀ ń fẹ́ ẹlẹ́rọ, gbogbo ibùdó náà sì ń fẹ́ ẹ̀ṣọ́ kí àwọn ọ̀tá má fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Bátìrì tí díísù rẹ̀ tán, irin lásán ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Nàìjíríà, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún yín.

Ohun kan tún wà tí àwọn olóṣèlú tó ń rà á kì í béèrè: apá kan ṣoṣo ni rádà Patriot tí wọ́n ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ń kọjú sí. Ohun tó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá, kò rí i. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹsàn-án 2019 tí drọ́ọ̀nù àti mísáìlì kọlu ibùdó epo Abqaiq àti Khurais ní Saudi Arabia, kì í ṣe pé ilẹ̀ náà kò ní Patriot.

Ọmọ_Obòkun
Ó dáa, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká wá ra ìbọn púpọ̀, kí wọ́n máa yìn sí ohunkóhun tó bá ń fò.

Gọ́nà_Fẹ̀yìntì
Ibi tí wọ́n ti ń pa ara wọn nìyẹn, àbúrò. Ipò àṣẹ mẹ́ta ló wà, gbogbo gọ́nà, ìyẹn ẹni tó wà nídìí ìbọn, sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lórí rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Èyí tó le jù: má yìn, àfi tí wọ́n bá kọlù ọ́ tàbí tí àṣẹ bá tọ̀ ọ́ wá. Èyí àárín: yìn sí èyí tó dá ọ lójú pé ọ̀tá ni. Èyí tó tú sílẹ̀ jù: yìn sí ohunkóhun tí kò bá dá ọ lójú pé tiwa ni. Ẹ̀yin ẹ wo bí ìkejì àti ìkẹta ṣe jọra létí, tí wọ́n sì jìnnà síra bí ọ̀run òun ayé. Níbi tí bààlúù èrò bá ti ń fò, ìkẹta kò yẹ ní gbígbọ́.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 1960 tí àwọn Soviet já bààlúù amí U-2 Amẹ́ríkà tí Gary Powers ń wà lulẹ̀ nítòsí Sverdlovsk, mísáìlì wọn tún já bààlúù ajagun MiG-19 tiwọn lulẹ̀ lọ́jọ́ náà, awakọ̀ rẹ̀ sì kú. Lọ́dún 2003, nígbà ogun Ìráákì, Patriot Amẹ́ríkà já bààlúù Tornado ti Gẹ̀ẹ́sì lulẹ̀ lọ́jọ́ 23 oṣù kẹta, ó pa méjì. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin, ó tún já bààlúù F/A-18 ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_Ẹnuwá
Mo fẹ́ fi ti Tehran kún un, torí àṣìṣe tó wà nídìí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń bani nínú jẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kìíní 2020, mísáìlì Tor-M1 ti Ìráànì já bààlúù èrò Ukraine lulẹ̀. Èèyàn 176 ló kú. Ìwádìí Ìráànì sọ pé wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò níbi tó wà, wọn kò sì tún àríwá rẹ̀ tò, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ náà kà sí àríwá. Ó yẹ̀ ní dìgírì 107. Bààlúù tó ń kúrò ní pápákọ̀ wá dà bí ohun tó ń bọ̀ láti ibòmíràn. Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn, iṣẹ́ náà kò dé, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ sì yìn láìgba èsì.

Ìdí nìyẹn tí àríwá fi jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ nígbàkúùgbà tí ọkọ̀ rádà bá dúró síbi tuntun. Ẹ má ṣe gbé kọ́ńpáàsì lé ara ọkọ̀; irin ọkọ̀ á fà á. Ẹ rìn jìnnà díẹ̀, ẹ wo ohun méjì tó wà nínú máàpù tí ojú lè rí, bí òpó tẹlifóònù tàbí ṣóńṣó òkè, kí ẹ fi wọ́n yẹ ara wọn wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kejì tún un ṣe láìwo ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ. Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí rádà wo bààlúù kan tí ẹ mọ ibi tó wà. Dìgírì kan péré tó bá yẹ̀, ní kìlómítà 40, ó ti jẹ́ 700 mítà. Dìgírì 107, ayé ti dojú rú nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Ìlódè
Háà! Ṣé kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé àríwá yẹ̀ ni?

Ẹlẹ́rọ_Ẹnuwá
Àwọn tuntun lè ràn yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀. Ẹ gbọ́ ti Dhahran, ní Saudi Arabia, lọ́jọ́ 25 oṣù kejì 1991. Kọ̀ǹpútà Patriot ń ka àkókò ní ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìdá mẹ́wàá kò ṣeé kọ pé pérépéré nínú nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń lò, nítorí náà ó ń gé díẹ̀ sọnù ní gbogbo ìgbà tó bá kà á: 0.000000095 ìṣẹ́jú àáyá. Kò tó nǹkan. Àmọ́ bátìrì yẹn ti ń ṣiṣẹ́ fún ó lé ní 100 wákàtí láìpa á. Ẹ ṣírò rẹ̀: àṣìṣe náà ti di 0.34 ìṣẹ́jú àáyá. Mísáìlì Scud tí Ìráákì yìn ń sá ju mítà 1,600 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti kúrò níbi tí kọ̀ǹpútà ń wá a sí ní ohun tó ju ìdajì kìlómítà lọ. Rádà rí i lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà wo ibi tó rò pé ó yẹ kó wà, kò bá a níbẹ̀, ó ní irọ́ ni. Wọn kò yin ohunkóhun. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà 28 ló kú ní bárékè wọn.

Àwọn ará Ísírẹ́lì ti rí àbùkù náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọ́n sì ti sọ fún wọn. Iṣẹ́ tí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ gbà ni pé kí wọ́n má jẹ́ kó ṣiṣẹ́ "fún ìgbà pípẹ́". Ta ló mọ iye wákàtí tó ń jẹ́ ìgbà pípẹ́? Ètò tuntun tó tún un ṣe dé Dhahran lọ́jọ́ kejì ìjàǹbá náà.

Ará_Lágéré
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé Ifẹ̀ àti Iléṣà o.

Gọ́nà_Fẹ̀yìntì
Mò ń bọ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbà pé kò sẹ́ni tó lè bo gbogbo ìlú. ZU-23-2, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó wọ́pọ̀ jù ní Áfíríkà, kìlómítà 2.5 ni ọwọ́ rẹ̀ dé. Láti Ifẹ̀ sí Iléṣà tó ọgbọ̀n kìlómítà. Nítorí náà, ọ̀gá pátápátá ló máa kọ orúkọ ohun tí wọ́n máa ṣọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kì í ṣe ọ̀gá bátìrì. Wọ́n á béèrè pé: tó bá bàjẹ́, ta ló máa jìyà? Ọjọ́ mélòó la máa fi tún un ṣe? Ṣé ọ̀tá ń wá a? Ibùdó iná máa ń ṣáájú, torí tíráńsífọ́mà ńlá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lọ rà ní Ọjà Tìtún. Ilé ìwòsàn ńlá àti ìdídò Ọ̀pá lè tẹ̀ lé e.

Ká ní ìdídò Ọ̀pá ni. Ẹ má gbé ìbọn lé orí ìdídò. Ohun tí ẹ bá já máa ṣubú lé ohun tí ẹ ń ṣọ́. Ẹ gbé e síwájú, bíi kìlómítà kan sí méjì, níhà tí ọ̀tá lè gbà. Ẹ tò wọ́n débi tí ìbọn kan á lè yìn kọjá orí èkejì rẹ̀, kí èyí tó há má baà ṣí ojú ọ̀nà sílẹ̀. Ó kéré tán mẹ́rin. Ẹ ri òpó sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì tí ẹnu ìbọn kò gbọ́dọ̀ kọjá, pàápàá níhà ilé èèyàn. Ní Lohatla, ní South Africa, lọ́dún 2007, ìbọn 35 mílímítà tó ṣì iṣẹ́ ṣe níbi ìdánrawò pa ọmọ ogun mẹ́sàn-án tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ọta wá nìyí. ZU-23-2 lè yìn 1,000 ọta ní ìṣẹ́jú kan láti ẹnu kọ̀ọ̀kan. Àpótí ọta ẹnu kọ̀ọ̀kan, 50 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó ti tán! Ọ̀dọ́ tó bá di ìdí ìbọn mú tí kò fi í sílẹ̀, àpótí rẹ̀ á ṣófo kí drọ́ọ̀nù tó rìn ju mítà 150 lọ. Yíyìn díẹ̀díẹ̀, ká dúró, ká wò, ká tún yìn, ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ní ti gidi, 200 ní ìṣẹ́jú kan láti ẹnu kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀pá ìbọn náà á sì gbóná débi pé ẹ gbọ́dọ̀ ní òmíràn nílẹ̀ láti fi pààrọ̀. Ẹ má sì yìn sí ibi tí ohun náà wà. Ọta tó ń jáde ní mítà 970 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó dé kìlómítà méjì, drọ́ọ̀nù á sì ti rìn ju 100 mítà lọ.

Ọmọ_Obòkun
Ìbọn àtijọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ayé ti kúrò níbẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_Ẹnuwá
Ayé tún ti padà síbẹ̀. Gepard, tí Jámánì ti gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìbọn 35 mílímítà méjì lórí ọkọ̀ pẹ̀lú rádà tirẹ̀, wà lára ohun tó ń já Shahed jù ní Ukraine láti 2022. Ìdí rẹ̀ ni owó. Mísáìlì Patriot kan ju mílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là bíi mélòó kan ni wọ́n ń fojú bù fún drọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ń fi Patriot lé drọ́ọ̀nù, ọ̀tá kò ní láti ṣẹ́gun rẹ̀. Á kàn máa rán drọ́ọ̀nù sí i títí àpò rẹ̀ fi máa gbẹ. Ẹ fi mísáìlì ńlá sílẹ̀ fún ohun ńlá.

Gọ́nà_Fẹ̀yìntì
Kí n fi èyí kún un fún àwọn ará Iléṣà, torí ó kàn wọ́n. Rádà kò gbọ́dọ̀ ṣe òṣómàáló. Èyí tó bá lóṣòó síbì kan tó ń tàn láìdákẹ́, mísáìlì tó ń tọ ìtànṣán rádà á wá a dé ìdí. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta 1999, bátìrì mísáìlì S-125 kan, ti Soviet àtijọ́, ní Yugoslavia, tí Zoltán Dani jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, já F-117 Amẹ́ríkà lulẹ̀, bààlúù tí wọ́n ní rádà kò lè rí. Kì í jẹ́ kí rádà ìyìn rẹ̀ tàn ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí wọ́n bá yìn tán, wọ́n á palẹ̀ mọ́, wọ́n á kó kúrò. Mísáìlì ìgbà àwọn ọdún 1960 ni wọ́n fi ṣe é o.

Ará_Lágéré
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ìkan ló kù: tí ìbánisọ̀rọ̀ bá já láàárín bátìrì àti àwọn ọ̀gá lókè ńkọ́? Ṣé wọ́n á kàn jókòó ni?

Gọ́nà_Fẹ̀yìntì
Wọn kò ní jókòó, wọn kò sì ní ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ìwé àṣẹ tí wọ́n gbà kí wọ́n tó kúrò ní bárékè gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́: tí ìbánisọ̀rọ̀ bá já, ipò àṣẹ wo ni ká wà, fún wákàtí mélòó, ta sì ni igbákejì tó lè pàṣẹ. Níbi tí bààlúù èrò bá ń kọjá, èyí tó le jù ni mo máa kọ síbẹ̀, ìyẹn má yìn àfi tí wọ́n bá kọlù ọ́. Kí wọ́n ní rédíò kejì tí kò gba òpó kan náà, àti alùpùpù kan tí táǹkì rẹ̀ kún, tí wọ́n lè fi rán èèyàn. Bí ó bá ti já, kí wọ́n kọ wákàtí tó já sínú ìwé ojoojúmọ́ bátìrì, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i.